Ìyàwó Sójà Tó Fẹ́ Di Lọ́yà: Ibo Ni Kó Ti Kàwé, Ìgbà Wo Sì Ni Kó Lọ?

Bí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ wa obìnrin tó fẹ́ sójà máa ń gbé wá bá wa ní Hotoro àti ní Sabon Gari. Wọ́n fẹ́ kàwé lọ́yà, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìlú tí wọ́n máa wà lọ́dún tó ń bọ̀. Ọkọ wà ní bárékè Bukavu lónìí. Tó bá di oṣù mẹ́ta sí i, ó lè jẹ́ Maiduguri, ó lè jẹ́ Jaji, ó lè jẹ́ Calabar. Ẹni tó ń ta aṣọ tàbí tó ń ta èlùbọ́ lè di ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ kó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀. Ẹni tó ń kàwé lọ́yà ò lè di yunifásítì sínú ọkọ̀.

Ìmọ̀ràn méjì la sábà máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń fún wọn. Àwọn kan ní kí obìnrin náà fara balẹ̀ dìgbà tí ọkọ bá fẹ̀yìntì. Àwọn kan ní kó lọ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì tó bá sún mọ́ ibi tí ọkọ wà. Lójú tiwa, méjèèjì kò tọ̀nà. Ti àkọ́kọ́ ń fi ogún ọdún ṣòfò. Ti ìkejì ń fi ìwé obìnrin náà sábẹ́ ìwé àṣẹ tí ọ̀gá kan máa fọwọ́ sí ní Abuja láìmọ̀ pé ẹnì kan ń kàwé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Ẹni tó gba JAMB wọlé máa lo ọdún márùn-ún ní fákọ́tì òfin. Ẹni tó gba Direct Entry wọlé máa lo mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn ni Law School, tí òun náà ń lọ sí bí ọdún kan. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ ni Body of Benchers máa pè sí iṣẹ́ lọ́yà ní Abuja, kí orúkọ rẹ̀ tó wá wọ ìwé ní Supreme Court. Ọdún mẹ́fà nìyẹn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ọdún lórí ìwé ní Nàìjíríà? ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ní 2020. Wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹni tó wọlé ní 2019 ti jẹ nínú iyán náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni a fi ń sọ pé kí ìyàwó sójà má ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹni pé ọkọ òun máa wà ní Kano títí òun á fi parí. Kó ṣe é bí ẹni pé wọ́n máa gbé ọkọ náà kúrò ní ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì. Bí wọn ò bá wá gbé e, èrè ni.

Nǹkan kan wà tó dára nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí àwọn èèyàn wa kì í sì í rí nítorí pé ìṣòro ló gba gbogbo ojú wọn. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún lọ́yà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ìyàwó sójà tó jẹ́ lọ́yà ní Texas, tí wọ́n bá gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Virginia, kò lè kàn gbé àpò rẹ̀ kó wọ kóòtù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn obìnrin ọ̀hún dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 2011, wọ́n pè é ní Military Spouse J.D. Network, wọ́n sì ń bẹ àwọn ìpínlẹ̀ níkọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún àwọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wọn ṣòfin ní oṣù kìíní 2023 pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìyàwó sójà á máa bá a rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ìwé àṣẹ lọ́yà ni wọ́n yọ sílẹ̀ nínú òfin náà bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé e jáde. Nọ́ọ̀sì ń lọ, tíṣà ń lọ, lọ́yà jókòó.

Tiwa níbí kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́yà tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé Supreme Court lè ṣiṣẹ́ ní Kano, kó ṣiṣẹ́ ní Borno, kó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀ṣun, ní gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti Abuja, láìṣe ìdánwò kankan mọ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìyàwó sójà tóbi gan-an. Ìṣòro tirẹ̀ wà níwájú, kò sí lẹ́yìn. Bó bá ti lè rí ọdún mẹ́fà tàbí méje náà gbà, kò sí tíráńsífà tó lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, gbogbo ọgbọ́n tó bá ní, orí ọdún wọ̀nyẹn ni kó lò ó sí.

Ìgbà yìí gan-an ni ẹnì kan máa ń sọ pé, “Ṣebí NOUN wà, kó jókòó sílé kó máa kà á.” À ń bẹ̀ yín, ẹ dúró díẹ̀ ká sọ ìtàn yẹn. Ayé Shagari ni wọ́n kọ́kọ́ dá yunifásítì náà sílẹ̀, ní 1983. Ìjọba ológun Buhari tì í pa ní 1984, Ọbásanjọ́ sì tún un ṣí ní 2002. Wọ́n gba àwọn èèyàn síbẹ̀ láti ka òfin, àwọn àgbàlagbà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọlọ́pàá, sójà, ìyàwó sójà. Wọ́n kàwé, wọ́n yege, ló bá di pé Law School ò gbà wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé ẹ̀kọ́ tí a fi ìwé ránṣẹ́ síni nílé kọ́ ni Law School ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lọ sí kóòtù, tí wọ́n ń lọ sí ilé aṣòfin. Oṣù kejìlá 2018 ni òfin tó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe tó rí ìbuwọ́lù, Buhari kan náà tó ti ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún pa ní 1984 ló sì buwọ́ lù ú. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe ẹ̀kọ́ àfikún kí wọ́n tó lè bá àwọn ẹgbẹ́ wọn jókòó.

A ò sọ èyí láti fi bú NOUN. Fún ìyàwó sójà tó fẹ́ ka nǹkan mìíràn, a ò tíì rí ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ìrìn rẹ̀ mu tó o, torí pé ibùdó rẹ̀ wà káàkiri, Kano pẹ̀lú. Òfin nìkan la ń sọ. Ìwé òfin ní Nàìjíríà ní ọ̀gá méjì: NUC lọ́tọ̀, Council of Legal Education lọ́tọ̀. Yunifásítì tí NUC fọwọ́ sí, tí Council kò fọwọ́ sí, á fún ọ ní ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ di lọ́yà. Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, yálà níbi tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní part-time ni o, tàbí “weekend” ni o, tàbí yunifásítì aládàáni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá fákọ́tì òfin wọn wà nínú àwọn tí Council fọwọ́ sí, kó sì béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tí Council gbà wọ́n láyè láti fi ránṣẹ́ sí Law School lọ́dún kan. Fákọ́tì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gba igba èèyàn wọlé, tó sì jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ni Council gbà wọ́n láyè, àwọn tó ṣẹ́ kù á jókòó sílé títí ọ̀nà á fi kàn wọ́n. Àwọn kan ti fi ọdún méjì jókòó báyìí. Fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò dúró sójú kan, ọdún méjì yẹn lè gbé gbogbo ìwé náà lọ.

Bákan náà ni ti dípúlómà. Aminu Kano College of Islamic and Legal Studies wà nínú Kano níbí, àwọn ọmọ wa kan sì ti gba dípúlómà òfin níbẹ̀. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n dípúlómà kì í sọ èèyàn di lọ́yà. Àtẹ̀gùn ni, tó lè gbé èèyàn dé Direct Entry bí yunifásítì tó fẹ́ lọ bá gbà á. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọkọ òun máa wà ní Kano fún ọdún méjì péré lè fi ọdún méjì náà ṣe é, kó wá fi í wọlé síbòmíràn lẹ́yìn náà. Àmọ́ kó béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tó ń lọ kó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá parí.

Ibo wá ni kó ti ka LL.B.? Ìdáhùn tiwa ṣe tààrà: níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti ní èèyàn, yálà ọkọ wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀. Ìlú tí wọ́n gbé ọkọ lọ kì í ṣe ìlú tìrẹ. Ilé bárékè kì í ṣe ilé tìrẹ.

Ẹ mú ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Sabon Gari, tí àwọn òbí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tàbí tí wọ́n ti kó wá sí Hotoro níbi tí ilé ti gbòòrò díẹ̀. Ó gbọ́ Haúsá bí ẹní mumi, ó mọ ọlọ́jà, ó mọ ilé ìwòsàn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá rí BUK wọlé, kó wọlé. Bí wọ́n bá gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Maiduguri lọ́dún kejì, kó jẹ́ kí ọkọ lọ. Àwọn sójà tó ń jà lábẹ́ Operation Hadin Kai láti 2021 kì í sáà mú ìyàwó àti ọmọ dání lọ sójú ogun. Gbogbo wa la mọ àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti lọ sí àríwá ìlà-oòrùn fún ọdún méjì tí àwọn ṣì wà ní Hotoro. Tó bá jẹ́ pé kò ní sí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́nàkọnà, kí ló dé tí kò ní fi àkókò náà kàwé?

Ìnira kan wà níbẹ̀ o, ká má parọ́. Láti Hotoro dé ọgbà BUK tuntun lọ́nà Gwarzo, inú ìlú Kano lèèyàn máa là kọjá, láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Owó adaidaita sahu láràárọ̀ àti lálaalẹ́ kì í ṣe owó kékeré mọ́. Ẹ̀kejì, àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ máa ń pín àyè sọ́nà mẹ́ta: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó ṣe dáadáa jù, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba ní wọ́n kù sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́. Ìpínlẹ̀ tí baba rẹ ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí ọ sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kano, tí kò tíì sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ láyé rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ ló jẹ́ lójú JAMB. Bó bá fẹ́ wọ BUK, máàkì rẹ̀ ló máa gbé e wọlé, kò sẹ́ni tó máa fi ìpínlẹ̀ gbé e. Ọmọ Ọ̀fà ní àǹfààní díẹ̀, torí Kwara wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí èyí tó kù sẹ́yìn, Kogi náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Èkìtì àti Oǹdó kò ní i. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ ga, ibi tí wọ́n ti ń pe ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni kó kọjú sí, ìyẹn Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó.

Ti ABU Zaria wà láàárín. Fákọ́tì òfin wọn wà ní Kongo, nínú ìlú Zaria, kì í ṣe Samaru. Depot àwọn sójà wà ní Zaria, Kaduna àti Jaji ò sì jìnnà, nítorí náà wọ́n lè gbé ọkọ ká àwọn ìlú wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ìyàwó kúrò ní Zaria. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn fún ẹni tí kò ní ẹbí ní Kano.

Ṣùgbọ́n fún ẹni tí wọ́n fẹ́ wá láti ilé, tó jẹ́ pé ìgbéyàwó ló gbé e wá sí Hotoro, tí kò mọ ẹnì kan ju ìyàwó sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, à ń sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: kó lọ kàwé nílé. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìwó, ìyá ọkọ wà ní Ọ̀yọ́. Fákọ́tì òfin ìjọba àti ti aládàáni pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Bowen wà ní Ìwó, Ajayi Crowther wà ní Ọ̀yọ́, fún ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé owó wọn. Bó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ló fẹ́ lọ, kó tètè gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ baba rẹ̀, torí owó tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san àti èyí tí àlejò ń san kì í sábà dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n bí sí Àríwá ló jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bi wọ́n léèrè ìwé yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Àwọn èèyàn á ní, “Obìnrin á fi ọkọ sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún?” Sójà náà ti fi obìnrin sílẹ̀ ná. A ò rí ẹni tó pe ìyẹn ní àìnífẹ̀ẹ́, iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Ìsinmi yunifásítì wà, ìwé àyè ìsinmi sójà wà, kí tọkọtaya bá ara wọn ṣe é kó bọ́ sígbà kan náà. Ohun tí a ò fẹ́ ni kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Kano, kó tún fẹ́ gbé ìwé náà tẹ̀ lé ọkọ ní ọdún kẹta. Gbígbé ìwé láti yunifásítì kan sí òmíràn wà lóòótọ́, JAMB sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọdún kejì ni wọ́n sábà máa ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sí, fákọ́tì òfin tí iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti kún kò sì ní gbà á rárá. Ìyàwó sójà mélòó la mọ̀ tí wọ́n ka òfin dé ọdún kẹta, tí wọ́n ń ta káàdì ìpè báyìí? Wọn kì í ṣe olódo. Ọkọ̀ tó kó ẹrù wọn lọ́jọ́ tíráńsífà ló kó ìwé wọn lọ.

Ó wá ku Law School, ibi tí ọ̀rọ̀ ibo àti ìgbà wo ti le jù.

Ọgbà Law School méje ló ń ṣiṣẹ́ báyìí. Olú ilé-ẹ̀kọ́ wà ní Bwari lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abuja. Ti Èkó wà ní Victoria Island, òun nìkan sì ló wà nílẹ̀ Yorùbá. Agbani wà ní Enugu, Yola wà, Yenagoa wà, Port Harcourt ló dé kẹ́yìn. Tiwa ní Kano wà ní Bagauda, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bebeji, níbi tí hòtẹ́ẹ̀lì létí omi wà tẹ́lẹ̀, lápá ibi tí ìdídò Tiga wà. Inú ọgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Èyí ló yẹ kí àwọn ìyàwó sójà Hotoro gbọ́ dáadáa, torí púpọ̀ nínú wọn rò pé bí wọ́n bá ti gbà wọ́n sí Kano, wọ́n á máa ti ilé lọ. Rárá o. Bagauda kì í ṣe ibi téèyàn ń ti Hotoro lọ láràárọ̀ kó sì padà wá fọ́mọ lọ́mú lálẹ́. Ọ̀nà jìn, ẹ̀kọ́ ò sì fàyè sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà ní Bukavu, tó kọ Kano sínú fọ́ọ̀mù torí kó lè sún mọ́ ọkọ, kò rí nǹkan kan gbà. Ọkọ rẹ̀ á wà ní bárékè, òun á wà ní Bagauda, ọmọ á wà lọ́wọ́ ta ni? Ìbéèrè yìí ló yẹ kó yan ọgbà Law School fún un: ta ló máa gba ọmọ mú? Bó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ní Sabon Gari ni, kó bẹ̀bẹ̀ fún Kano, torí ó lè yọjú sí ọmọ náà bí wọ́n bá fún wọn láyè. Bó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni, Èkó ni kó bẹ̀bẹ̀ fún, kó gbé ọmọ lọ fún màmá kí ọjọ́ tó pé. Ìpín wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà o, wọ́n lè fi èèyàn síbi tí kò yàn. Kí ètò ọmọ náà má wá jẹ́ èyí tó máa dà rú bí wọ́n bá ní Yola.

Kí ló dé tí a fi ń tẹnu mọ́ ọmọ tó báyìí? Nítorí bí wọ́n ṣe ń gbé máàkì ni. Iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Law School. Wọn kì í ro ó pọ̀ kí wọ́n tó pín in. Èyí tó kéré jù nínú márààrún ni wọ́n ń fún èèyàn. O lè ṣe First Class nínú mẹ́rin, tó o bá wá ṣe Pass nínú ẹyọ kan, Pass ló máa wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ títí ayé. Ní yunifásítì, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò lè fi sáà tó ń bọ̀ gbé ara rẹ̀ dìde. Ní Law School, ibà ọ̀sẹ̀ kan lè wọ ìwé ẹ̀rí.

Ibi tí a ti wá ń sọ̀rọ̀ ìgbà nìyí. Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ, a mọ̀, a ò sì fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ iyàrá tọkọtaya. Ṣùgbọ́n bó bá ṣeé ṣètò, ọdún LL.B. lè gba oyún, ọdún Law School kò lè gbà á. Kí wọ́n bí èyí tí wọ́n máa bí ní ọdún kejì tàbí ìkẹta yunifásítì, kí ọmọ já lẹ́nu ọmú kí ìwé Law School tó dé. Ẹni tó bá rí i pé oyún ti wà nígbà tí wọ́n pè é, kó má fi agídí lọ. Kó dúró di èyí tó ń bọ̀, kó sì lọ bá fákọ́tì rẹ̀ ṣètò bí orúkọ rẹ̀ á ṣe tún jáde, torí ọwọ́ fákọ́tì ni orúkọ ti ń lọ. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kó di ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Ìwé òfin ń gbàgbé ẹni.

NYSC kì í ṣe ìṣòro nínú èyí. Ẹni tó ti kọjá ọdún 30 nígbà tó parí yunifásítì ò ní ṣe é. Ẹni tí kò tíì kọjá rẹ̀, bó bá jẹ́ ìyàwó ilé, lè fi ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ọkọ rẹ̀ ń gbé. Kí ìwé ìgbéyàwó náà sáà wà. Àwọn tó ṣe ìdáná àti yìgì tàbí ti ilé ìjọsìn, tí wọn ò gba ìwé tí ìjọba mọ̀, ẹ tètè lọ wá nǹkan ṣe sí i.

Owó ńkọ́? Ní 2024, owó Law School fò láti 296,000 náírà sí 476,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi òfin lélẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà jẹ́ 70,000. Nǹkan bí oṣù méje nìyẹn láìjẹ láìmu, a ò sì tíì ka ìwé, aṣọ dúdú àti funfun, wíìgì àti gáànù, àti owó ọkọ̀ lọ sí Abuja lọ́jọ́ ìpè. Ní yunifásítì ìjọba, NELFUND lè san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 lóṣù. Ẹ má fi èyí ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé fún Law School. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àjọ 20,000 lóṣù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin yunifásítì á ti ní 480,000 lọ́wọ́ nígbà tó bá parí ọdún karùn-ún. Àwọn obìnrin Hotoro mọ àjọ dá ju ẹnikẹ́ni lọ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, a fẹ́ sọ èyí tí wọn kì í fẹ́ gbọ́. Ọkọ sójà lè kú. Gbogbo ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni ìjọba ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ nítorí wọn. Lẹ́yìn ẹyẹlé, opó máa kúrò ní bárékè, torí ilé náà ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ owó ikú máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà: orúkọ ta ló wà nínú fọ́ọ̀mù? Ti ìyàwó ni, àbí ti ẹ̀gbọ́n ọkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kí ìgbéyàwó tó wáyé? A ti rí opó tí kò mọ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì tó yẹ kó wọ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà nínú àwọn ìyàwó sójà wa ní Hotoro tó jẹ́ lọ́yà, kì í ṣe òun nìkan ló máa jèrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí a ò fi gba ìmọ̀ràn pé kí obìnrin dúró dìgbà tí ọkọ bá fẹ̀yìntì.

Ẹgbẹ́ ìyàwó àwọn ọ̀gá wà lóòótọ́. NAOWA wà fún àwọn ìyàwó ọ̀gá sójà, DEPOWA àti POWA náà wà, wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ ọwọ́. Rírán aṣọ àti ṣíṣe ọṣẹ dára. Ṣùgbọ́n ìyàwó kọ́póràà tó fẹ́ ka òfin nílò nǹkan mìíràn, àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa níbí ló sì lè ṣe é, torí kò gba owó púpọ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni ilé tí ọmọ lè wà. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Hotoro àti Sabon Gari, ìyá àgbà wà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ tán, tí yàrá ṣófo sí lọ́wọ́. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, àwọn tó bá fẹ́, kí ẹgbẹ́ sì máa fi oúnjẹ ọmọ ráńṣẹ́ síbẹ̀ fún ọdún kan tí ìyá rẹ̀ máa fi wà ní Bagauda. Èkejì ni lẹ́tà sí ilé: kí ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wọkọ̀ lọ sí Ìníṣà tàbí Èjìgbò ní ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù fẹ́ parí. Ẹ̀kẹta ni owó Law School. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá ẹ̀ẹ̀kan péré tí a bá fò, iye tó máa kù lọ́wọ́ wa á ju 476,000 lọ.

A ti gbé àwọn nǹkan mẹ́ta yìí fún àwọn alága ẹgbẹ́ mélòó kan. Àwọn kan ní àwọn á gbé e dé ìpàdé. Ọ̀kan bi wá léèrè pé bí ẹgbẹ́ bá ná owó sórí ìyàwó sójà, tí wọ́n bá wá gbé ọkọ rẹ̀ kúrò ní Kano lọ́dún tó di lọ́yà ńkọ́? Ìbéèrè tó dáa ni. Ibi tó bá lọ, Jos ni o, Sokoto ni o, Maiduguri ni o, àwọn ará wa wà níbẹ̀, wọ́n sì ń wá lọ́yà tó gbọ́ Yorùbá.